Ikú tí Mo Fi Pamọ́ fún Màjọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Ṣẹ́rẹ́

Yìnyín ti bo gbogbo ọ̀nà láti àná. Bọ́ọ̀sì kò rìn. Ẹ́jẹ́ńsì tó gbà wá síṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn arúgbó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ dúró sílé rẹ̀. Àǹtí Adébùnmí, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní bí mo bá ṣubú, kí n má retí pé àwọn máa wá gbé mi lọ sọ́sibítù. Mo ní ta ni yóò gbé tíì fún Màjọ̀? Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wa ní Lake Arbor dé ilé wọn ní Kettering, níbí ní Amẹ́ríkà.

Màjọ̀ Belugin, arúgbó ológun Rọ́ṣíà tí mò ń tọ́jú, ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n ní ọmọ ogun tó bá fi irú èyí jáde nínú yìnyín, dókítà ni yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí n tó gbé omi kaná, ìṣirò ti wà lára pátákó ilé ìdáná, bí ìṣe wọn. Mi ò rí i ṣe. Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n ti olùkọ́ tó kọ́ mi mọ́lé. Inú bí mi. Mo ní Tíṣà Moshood kò gba owó oṣù fún odindi ọdún kan ní abúlé wa, síbẹ̀ kò pa iléèwé jẹ lọ́jọ́ kan. Màjọ̀ bi mí bí tíṣà náà ṣe ga tó, bó ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ lọ́sàn-án. Wọ́n ní ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kú láìsí ìwé kan nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ a ṣiṣẹ́ lórí ìwé tí wọ́n ń kọ. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ojú wọn kò gbé lẹ́tà mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ Ilya. Màjọ̀ á fá irùngbọ̀n, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, bí ẹni pé Ilya yóò rí wọn nínú fóònù.

Brooklyn ni Ilya ń gbé. Takisí ló ń wà kí àìsàn ọkàn tó dá a jókòó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n "ọmọ náà" ni Màjọ̀ ń pè é, nítorí ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó ń gbé rédíò tẹ̀lé wọn nínú ogun Afgánísítàánì. Lọ́jọ́ tí ìbọn fọ́ egungun ìbàdí Màjọ̀, Ilya ju rédíò ìjọba nù, ó pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n fẹ́ fi í sẹ́wọ̀n nítorí rédíò yẹn.

Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, Ilya á bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí ó bi mí bóyá mo ṣì ń jó ògì Màjọ̀ mọ́ ìkòkò. Mo ní Màjọ̀ ló ń pè mí kúrò nídìí iná láti wá ṣe ìṣirò.

Ó ní, "Ìyà kan náà ló fi jẹ mí. Wọ́n ń yìnbọn lù wá, Màjọ̀ yín ń kọ́ mi ní ìdá mẹ́ta lórí mẹ́rin." Ó wú ikọ́ pẹ́. Ó ní, "Sọ fún un kó yára parí ìwé nípa mi. Mo fẹ́ kà á kí n tó lọ, kí n lè rí ibi tó ti purọ́ mọ́ mi."

Nígbà tí Màjọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n na ọ̀pá sí pẹpẹ ìwé. Àwọn ìwé tinrín-tinrín tí wọ́n kọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ogun kan tó kú lábẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Òkú ni gbogbo wọn. Àwọn ìyá wọn ló ka tiwọn. Ẹyọ kan yìí, ẹni tó ni ìtàn yóò kà á, yóò sì bá mi jà lórí rẹ̀."

Orí mẹ́rin ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹyin ti wọ́n kọjá sísọ. Mo ra ìdajì dọ́sìnnì. Màjọ̀ ní òmùgọ̀ ló ń ra ẹyin ní iye yẹn, wọ́n sì jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀.

Vera ọmọ wọn wá láti Virginia. Ó ní ilé yìí ti tóbi jù fún ẹnì kan, òun ti rí àyè nínú ilé àwọn arúgbó kan tó dára. Màjọ̀ ní ó di ẹ̀yìn ìwé. Ó ní ìwé wo ni kì í parí? Wọ́n ní èyí yóò parí, nítorí ẹni tó fẹ́ kà á ń dúró.

Lẹ́yìn tó lọ, wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọ́n sọ fún mi ohun tó jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá kú lójú ogun, inú pósí onípáànù ni wọ́n ń fi òkú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Wọ́n á ti fi iná jó ẹnu pósí náà pa, kí ìyá rẹ̀ má baà ṣí i. Iṣẹ́ Màjọ̀ ni láti kọ lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé e. Àṣẹ ni pé kí gbogbo lẹ́tà sọ ohun kan náà: ọmọ yín kú bí akọni, kò jẹ̀rora. Àwọn kan kú nítorí omi tí kò mọ́. Ọ̀kan jẹ́ pé àwọn tirẹ̀ ló ṣèèṣì yìnbọn pa á. Màjọ̀ kọ ohun kan náà sí gbogbo ìyá.

Nígbà tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé ìyá kan sí òmíràn láti sọ bó ṣe rí gan-an. Ìyá kan lé wọn jáde. Òmíràn ní kí wọ́n jókòó, ó sì ní kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni ìwé kíkọ ti bẹ̀rẹ̀. Títí wọ́n fi dé Amẹ́ríkà, gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbí, alẹ́ ni wọ́n fi ń kọ̀wé.

Mo ní kí n po tíì míì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo rí ìṣirò òní ṣe. Màjọ̀ ní kí n má yájú, ó rọrùn ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Màjọ̀ wà nínú ilé ìwẹ̀ nígbà tí fóònù ilé dún. Anna ni, ọmọ Ilya. Ó ní bàbá òun kú láàárọ̀ yìí lórí àga, tíì rẹ̀ ṣì ń gbóná níwájú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Màjọ̀. Àwọn èèyàn ń pè é lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Màjọ̀ ń kọrin níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní ta ló pè. Mo ní ẹni tó ń ta adójútòfò ni. Láti ọdún méjì tí mo ti ń tọ́jú wọn, mi ò purọ́ fún wọn rí. Mo máa ń bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò purọ́.

Mo sọ fún Àǹtí nígbà tí mo délé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ara. Wọ́n ní, "Ṣé o ò sọ fún un?" Mo ní rárá. Wọ́n ní mo ṣe bí ọmọ tí a tọ́. "Arúgbó tí ọwọ́ ń gbọ̀n, o fẹ́ gbé ikú kò ó lójú lórí ìdúró? A kì í túfọ̀ bẹ́ẹ̀, Inúolúwa. Àgbà ni í lọ, wọ́n á lọ ní méjì mẹ́ta, ẹni tí yóò dì í mú á wà níbẹ̀." Wọ́n ní nígbà tí bàbá àwọn kú, bàbá-bàbá mi nìyẹn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn fi sọ fún ìyá àgbà pé wọ́n ń tọ́jú wọn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn á bẹ àlùfáà wa kí wọ́n jọ lọ.

Mo bi wọ́n nípa ìsìnkú. Wọ́n ní, "Ìsìnkú kẹ̀? Wọn ò tíì sunkún òkú ọ̀hún tán." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Màjọ̀ fá irùngbọ̀n. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníkọ́là.

Mo ní Anna ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, Ilya wà ní ọsibítù fún àyẹ̀wò, wọn kò gba fóònù níbẹ̀. Wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n rí i lójú mi. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fi kọ́ ara àga, wọ́n ní ó dáa, kí a tètè ṣiṣẹ́, kí ìwé lè bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò níṣẹ́ míì tó ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Oòrùn yọ, kò gbóná. A dé ibi tí Ilya ti jí àgbò olórí abúlé kan, tó fi aṣọ ológun wọ̀ ọ́, tó sì mú un kọjá níwájú ọ̀gágun. Màjọ̀ fara ṣe bí àgbò ṣe ń rìn nínú bàtà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mi ò rí wọn báyìí.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àǹtí àti àlùfáà tẹ̀ lé mi lọ sí Kettering lẹ́yìn ìsìn. Màjọ̀ rò pé wọ́n wá wàásù fún àwọn ni. Wọ́n gbé bísíkíìtì jáde, wọ́n ní àwọn ò gba Ọlọ́run gbọ́ ṣùgbọ́n àwọn gba àlejò gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ilya fún àlùfáà. Gbogbo ìgbà tí Àǹtí bá la ẹnu, àgbò tún dé.

Àlùfáà gbàdúrà gígùn fún gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ káàkiri ayé. Màjọ̀ ṣe àmín láti fi bọlá fún wọn. Ìyẹn nìkan la rí ṣe.

Nínú mọ́tò, Àǹtí ní, "Ṣé o ò rí bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn? Ta ló lè gbé e sọ?" Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bínú sí wọn. Mo sì bínú sí ara mi, nítorí ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí wọn kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Anna pè mí. Kò kí mi. Ó bi mí kí ló dé tí Màjọ̀ kò wá sin bàbá òun.

Mo ní ìsìnkú wo?

Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì. A kò pa pósí dé. A ní Màjọ̀ ń bọ̀, ọ̀nà ló jìn. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá àwọn tó fẹ́ bo ilẹ̀ ní iṣẹ́ míì ń dúró de àwọn."

Mo ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí? Ó ní àwọn, ọjọ́ kẹta ni àwọn ń sìnkú, kí ni mo rò?

Ohun tí mo rò ni pé òkú máa ń dúró. Nílé wa ó máa dúró de ọmọ tó wà lókè òkun. Ó máa dúró de ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun ilé. Bàbá-bàbá mi dúró fún oṣù méjì. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti béèrè. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá pọ̀n wọ́n lọ ní ọjọ́bọ̀.

Anna bi mí pé kí ni Màjọ̀ sọ nígbà tí wọ́n gbọ́. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní òun lè pe Màjọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n òun ò ní bá mi ṣe iṣẹ́ tí mo kọ̀ láti ṣe. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ àgbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé

Lọ́jọ́bọ̀ mo tún ní Ilya ṣì wà ní ọsibítù. Mo ti rò ó. Ìsìnkú ti kọjá, mi ò lè dá a padà. Ìwé nìkan ló kù tí mo lè gbà sílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lónìí, wọn yóò pa ìwé tì, Vera yóò kó wọn lọ, gbogbo rẹ̀ á parí sí òfo. Kí wọ́n parí rẹ̀ ná. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀ ni n ó sọ ọ́. Mo sọ fún Àǹtí kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni wá mọ́.

Wọ́n ní orí kunkun ni mo ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Màjọ̀ ń wú ikọ́. Wọn kì í sùn. Kí n tó dé láàárọ̀, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ojú ìwé méjì. Ìlà gun orí ìlà, kò ṣeé kà. Mo ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní Ilya kò ní sinmi dè wọ́n.

Wọ́n ń bá ikú sáré, ikú ti débẹ̀ ṣáájú, èmi ni mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mò ń sọ pé "ó kù díẹ̀, sà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó parí.

Láago mẹ́wàá wọ́n ní, "Ó tó. Má fi nǹkan kan kún un." Mo fi mọ́tò Àǹtí lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ìkàwé Largo, mo ní kí wọ́n bá mi dì í. Nígbà tí mo padà, Màjọ̀ ti wọ kóòtù, wọ́n ti de táì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n ní kí n má pa mọ́tò, tí a bá lọ nísinsìnyí a ó dé Brooklyn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ jókòó ṣe?

Mo ní, "Ilya ti kú, sà. Ó ti pẹ́."

Wọn kò béèrè ohun tó pa á. Wọ́n ní, "Wọ́n ti sin ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ní ọjọ́ kẹta."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ní ọjọ́ tí a kọ ti àgbò.

Wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri. Mo fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n na ọ̀pá kí n má sún mọ́ wọn. Wọ́n ní ta ló ní kí n má sọ. Mo ní èmi ni. Mi ò dárúkọ Àǹtí. Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn, pé mo rò pé àyè wà, pé wọn á ṣì bá ìsìnkú. Mo ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe kéré tó.

Màjọ̀ ní, "Mo ń fò bí àgbò nínú ilé yìí, wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí." Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ìwọ náà ti kọ lẹ́tà sí ìyá òkú. Máa lọ sílé."

Mo fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹsàn-án

Vera pè. Ó ní kí n má wá mọ́, òun ti sọ fún ẹ́jẹ́ńsì. Ó ní bàbá òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àárín oṣù tó ń bọ̀ ni òun yóò gbé wọn lọ sílé àwọn arúgbó. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo.

Àǹtí ní àwọn ló fà á, àwọn á lọ bẹ Màjọ̀. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Joshua ọmọ wọn, tí wọ́n bí síbí, gbé ojú kúrò lórí fóònù, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi wá pé kí ló dé tí a ò kàn sọ fún bàbá náà. Àǹtí ní kó lọ jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Yìnyín tún bọ́ lóru. Mo gbé ṣọ́bìrì Àǹtí, mo lọ sí Kettering, mo kó gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ̀gùn Màjọ̀ àti ojú ọ̀nà wọn. Kọ́tìnnì mì. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ́jẹ́ńsì pè mí lọ́sàn-án pé ṣé mi ò mọ̀ pé wọ́n ti yọ mí níbẹ̀? Mo ní mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìta gbangba ni mo wà, mò ń kó yìnyín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó dì mọ́lẹ̀. Mo padà lọ, mo da iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Alimat ni wọ́n fi rọ́pò mi. Ọmọ Ìlọrin ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó jáde bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ó ní ṣé èmi ni ajínigbé tó ń rìn yí ilé ká? Ó ní Màjọ̀ kì í jẹun. Tí òun bá sè é tán, wọ́n á fi àwo dé e mọ́lẹ̀.

Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ti bi òun láti ọjọ́ tí òun ti dé: báwo ni àwọn èèyàn yín ṣe ń sọ fún ẹni pé èèyàn rẹ̀ kú? Ó ní òun sọ fún wọn pé àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú sùn, ọjọ́ tó kú náà ni. Màjọ̀ ní kí ló wá ṣe ọmọkùnrin yẹn? Alimat ní òun ní Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni, àwọn yẹn á tọ́jú òkú títí wọ́n á fi rí gbọ̀ngàn gbà.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ó ní Màjọ̀ pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní kí òun tún un sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Otútù yìí ò ṣeé fi ẹnu sọ. Mo ṣì wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Màjọ̀ ní, "Wọlé. Orí kan kù nínú ìwé."

Wọ́n ti rù. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, wọ́n ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n ń bi mí léèrè bí wọ́n ṣe máa ń bi Ilya: níbo ni mo dúró sí nígbà tí Anna pè? Kí ló wà lórí iná? Ohùn Anna ńkọ́? Bí mo bá dáhùn, wọ́n á ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ní kí ni mo bẹ̀rù. Mo ní mo bẹ̀rù pé wọn yóò kú.

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan."

Mo ní mo bẹ̀rù láti jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tẹ ìyẹn náà.

Wọ́n bi mí nípa bàbá-bàbá mi. Mo sọ bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyá àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan. Màjọ̀ ní, "Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ṣé ó dúpẹ́?"

Apá yìí Àǹtí kì í sọ ọ́, èmi náà kì í rántí rẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo wà nínú yàrá yẹn. Ìyá àgbà kò sunkún. Wọ́n wo àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ sì jẹ́ kí n lọ sí ìkómọ lánàá. Ẹ jẹ́ kí n jó."

Màjọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí.

Kí n tó lọ, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ilya jalè, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi tí mo purọ́ fún àwọn ìyá, orúkọ mi wà níbẹ̀. Kí ló dé tí tìrẹ máa yàtọ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Alimat ní Màjọ̀ jẹ ògì lánàá. Ẹ́jẹ́ńsì kò tíì dá mi padà. Mò ń lọ bẹ́ẹ̀, mò ń tẹ ìwé. Wọn kì í kọ ìṣirò fún mi mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà

Ogójì ọjọ́ Ilya. Àwọn náà ń ṣe ogójì. Vera ní òun ò lè lọ, ó sì jẹ́ kí n wa Màjọ̀ lọ. Òjò rọ̀ láti ilé dé Brooklyn.

Anna dì mọ́ Màjọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ láìwo ojú mi. Àwòrán Ilya wà lórí tábìlì, ife ọtí kan wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi dé e. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ṣánṣán.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Màjọ̀ dìde, wọ́n ní àwọn yóò ka orí tó kẹ́yìn. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n nawọ́ ìwé náà sí mi. "Kà á."

Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì abúlé mi. Ìyá Anna kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí náà tí mo bá ka gbólóhùn kan, Anna á tún un sọ fún un ní èdè wọn, mo ní láti dúró kó tó tán. Mo rí orúkọ mi nísàlẹ̀ ojú ìwé kí n tó dé ibẹ̀. Mo lè fò ó. Yàtọ̀ sí Màjọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo kà á. Inúolúwa gbé fóònù. Inúolúwa ní ẹni tó ń ta adójútòfò ni. Ohùn Anna dúró. Ó gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ, èmi lákọ̀ọ́kọ́, òun lẹ́yìn mi, àgbò, ọjọ́ Ẹtì, ìyá àgbà mi tó lọ jó níbi ìkómọ, títí ó fi parí.

Ìyàwó Ilya sọ nǹkan kan sí mi. Anna kò túmọ̀ rẹ̀. Mo wo Màjọ̀, àwọn náà kò túmọ̀ rẹ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e síwájú àwòrán ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Màjọ̀ kò sọ̀rọ̀ ní New Jersey, wọn kò sọ̀rọ̀ ní Delaware. A ti kọjá Baltimore kí wọ́n tó ní, "Ilé tí Vera ń gbé mi lọ, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni tèmi níbẹ̀. Mo ti sọ fún un. Bí mo bá kú, ìwọ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Ìwọ ni yóò sọ fún Anna àti ìyá rẹ̀. Ìwọ ni yóò sọ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́. Lọ́jọ́ náà. Má dúró de àlùfáà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n ní ọmọ ogun kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń tún àṣẹ sọ.

Mo tún un sọ. "Lọ́jọ́ náà, sà. Mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Kettering.